Ta Ló Ni “Gbọ́dọ̀”?

“Your complaint will be looked into.” Ẹni tó bá ń fi fóònù rán owó kò lè sọ pé òun ò tíì rí gbólóhùn yìí rí. Owó kúrò nínú àkáǹtì yín, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹ kọ̀wé sí wọn, ìdáhùn sì dé kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìdáhùn náà fínnífínní, bí ìgbà tí lámèyítọ́ bá ń wo ewì. Gírámà rẹ̀ péye. Ohùn rẹ̀ tutù. Ìlérí ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá ẹni tó ṣe ìlérí náà nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ẹ̀sùn yín ló jókòó síwájú, “will” tẹ̀ lé e, “be looked” tẹ̀ lé ìyẹn, “into” wá dúró ní ìparí bí àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

Iṣẹ́ sọ́fítíwià là ń ṣe. Irú gbólóhùn yìí tí à ń kà lójúmọ́ pọ̀ ju ìtàn àròsọ tí à ń kà lọ: nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí áàpù ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń yọ lójú fóònù, nínú ìwé àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ “I agree” sí láì kà á. “Must be dealt with.” “Should not be relied on.” “Can be logged into.” “Will be accounted for.” A rò pé ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ àwọn náà wò, torí pé èdè tí àwọn èèyàn ń kà jù nìyẹn, wọ́n sì ti ń túmọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ sí Yorùbá báyìí pẹ̀lú ìkánjú.

Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó: “Somebody must look into this matter.” Ẹ sọ ọ́ di passive. Ohun tó wà lẹ́yìn á bọ́ síwájú, “somebody” á kúrò, “be” á wọ àárín, “look” á di “looked”, ìdáhùn á sì jẹ́ “This matter must be looked into.” Ó parí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ibi tí “somebody” gbà lọ.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ká gé ọ̀rọ̀ atọ́kùn náà dànù: “This matter must be looked.” Èkejì ni ká fi “it” kún un: “This matter must be looked into it.” Olùkọ́ á fi báírò pupa fa ilà sí i, á ní àìfọkànsí ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ “into it” ń gbọ́ Yorùbá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀: ọ̀rọ̀ yìí, a gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Lédè wa, tí a bá gbé ọ̀rọ̀ síwájú báyẹn, tí a mí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a máa ń fi “rẹ̀” dí àyè tó fi sílẹ̀. Ọmọ yẹn kò ya ọ̀lẹ o. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé, ó kàn jẹ́ pé òfin ilé ni, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ló léwu jù, torí Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù ńlá lé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lórí. “Look at”, ó wò ó. “Look into”, ó wádìí rẹ̀. “Look after”, ó tọ́jú rẹ̀. “Look down on”, ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń lò fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “look” kan ṣoṣo ṣe. Tí wọ́n bá ní “Grandma must be looked after”, ẹ se ọbẹ̀ fún ìyá, ẹ ra oògùn rẹ̀. Tí wọ́n bá ní “Grandma must be looked into”, ìyá ti wọ gàù nìyẹn, EFCC ló kù. Ọ̀rọ̀ tó dà bí ìrù gbólóhùn gan-an ni orí rẹ̀.

Òfin kan sì wà tí wọ́n fi dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wa, pé a ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀ ni akéwì John Dryden, tó bu ẹnu àtẹ́ lu Ben Jonson lórí rẹ̀ ní 1672. Láti London títí dé kíláàsì wa, òfin náà rìn jìnnà, kò sì rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí passive yìí. Ẹ lè sọ pé “the matter into which we must look”, ó le lẹ́nu ṣùgbọ́n ó ṣeé sọ. “Into this matter must be looked” ńkọ́? Kò sí Òyìnbó tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí passive bá wà, “into” ò ní ibòmíràn tó lè lọ ju ìparí lọ. Ìkọ́lé yìí nìkan tó láti fi hàn pé òfin yẹn kò ní gbòǹgbò nínú èdè tí wọ́n fi lélẹ̀ fún.

Ìkọ́lé tó ṣọ̀wọ́n ni pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá ò ní in. Ẹ̀yìn tí àwọn Norman ti ṣẹ́gun ní 1066, nígbà tí èdè náà ti yí padà gan-an, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé wọn. Àwọn ará Sweden àti Norway ní irú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ò ní in, Faransé ò ní in. Àwọn ará wa ní Bénin tó ń sọ Faransé mọ̀ pé “on” ni Faransé máa ń lò nírú ibẹ̀, “on” yẹn sì sún mọ́ “a” àti “wọ́n” tiwa gan-an. Torí náà tí Gẹ̀ẹ́sì yìí bá ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ má rò pé orí yín ló le.

Ó kan Yorùbá wàyí. Wọ́n ní èdè wa ò ní passive. (Ẹ ṣàkíyèsí pé “wọ́n ní” la sọ, a ò sọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀.) Òótọ́ ni, títí dé ibì kan. Tí a ò bá mọ olùṣe, tàbí tí a ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, a ò ní yọ ọ́ kúrò nínú gbólóhùn, a ó fi nǹkan kékeré gba àyè rẹ̀. “Wọ́n ti mú iná lọ.” Ta ni wọ́n? NEPA di PHCN ní 2005, ìjọba pín in tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013, “wọ́n” ò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń ṣe. Ẹni tí a ò mọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ẹni ni. Ó ní ọwọ́ tó fi mú iná. Àwọn ọmọ àdúgbò lè ṣépè fún un. “The power has been taken” kò fún wa ní ẹni tí a máa ṣépè fún.

“A” ní tirẹ̀ wúwo ju “wọ́n” lọ, ó sì yàtọ̀ lóhùn. Ẹ ṣí Mátíù orí keje níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ bíbéèrè àti kíkan ilẹ̀kùn. Passive ni Gẹ̀ẹ́sì lò fún ìlérí tó wà níbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lo “a ó”. Kò sì sí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì tó rò pé “a” yẹn túmọ̀ sí pásítọ̀ pẹ̀lú àwọn díákónì. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń ṣèlérí. Ká ní “wọ́n á” ni wọ́n lò níbẹ̀ ni, ìlérí Ọlọ́run ì bá dà bí ìlérí káńsílọ̀.

Èyí tó tún wú wa lórí jù ni ìtumọ̀ Yorùbá fún Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948. Gẹ̀ẹ́sì ìwé yẹn kún fún “shall be held in” àti “shall be subjected to”. Wọ́n mú ẹni tí wọ́n lè jẹ níyà síwájú, wọ́n sì fi ẹni tó ń jẹni níyà pamọ́. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ di “a kò gbọ́dọ̀”. Ta ni “a”? Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún lè jẹ́ àwa gan-an tí à ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Yorùbá ń sọ ohun tí àwa ò ní ṣe fún èèyàn. Lójú tiwa, ìtumọ̀ yẹn ju ohun tó túmọ̀ lọ níbi yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ pé wọ́n pète rẹ̀. Gírámà ló tì wọ́n débẹ̀.

Ibì kan wà ṣá tí Yorùbá ti ní nǹkan tó jọ passive Gẹ̀ẹ́sì yìí bí ìbejì, ó kàn jẹ́ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí: Àga yìí kò ṣeé jókòó lé. “This chair cannot be sat on.” Ẹ to ọ̀kan sábẹ́ èkejì. Àga wà níwájú nínú méjèèjì. “Kò ṣeé” dúró síbi tí “cannot be” dúró sí. “Lé” àti “on” gbẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ì bá kan àga ò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rẹ́ yẹn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: “can be relied on”. Ọ̀gá yẹn kò ṣeé bá sọ̀rọ̀: “cannot be talked to”. Níbi tí a ti sọ “bá sọ̀rọ̀”, àárín ni àyè tó ṣófo wà, torí pé “bá” ló yẹ kí ọ̀gá tẹ̀ lé, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé tirẹ̀ sí ìparí. Ọ̀nà yẹn kò ṣeé gbà lálẹ́. Ọkùnrin yìí kò ṣeé finú hàn. Ojoojúmọ́ là ń sọ wọ́n. “Ní” máa ń kọ̀ láti dúró lẹ́yìn báyẹn: ilé tí mo ń gbé là ń sọ, a kì í sọ pé ilé tí mo ń gbé ní.

Nítorí náà, kì í ṣe pé Yorùbá ò lè sọ gbólóhùn tí olùṣe ò sí nínú rẹ̀. Ó lè sọ ọ́, tó bá jẹ́ ìwà nǹkan náà là ń sọ. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ìwà àga ni pé kò ṣeé jókòó lé, yálà ẹnì kan fẹ́ jókòó tàbí kò fẹ́. Àmọ́ ẹ wá fi ọgbọ́n kan náà sọ “must be sat on”. “Àga yìí gbọ́dọ̀ jókòó lé”? Kí ni àga fẹ́ jókòó lé? Gbólóhùn náà wó lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wádìí” ń sọ pé ọ̀rọ̀ ni ọlọ́pàá. Kí gbọ́dọ̀ tó lè dúró, ẹ ní láti fún un ní ẹni: èmi, ìwọ, a, wọ́n, báńkì, olórí ẹ̀ka. Gẹ̀ẹ́sì kó can, must, should àti will jọ, ó gbé gbogbo wọn lé orí nǹkan tí kò lẹ́mìí. Yorùbá fa “can” yọ, ó ní ìyẹn lè jẹ́ ti àga, kí àwọn yòókù lọ wá èèyàn.

Èyí la rò pé àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa kò tíì lò tó. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní “ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé” kó tó kọ́ ọ ní “can be relied on” ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, torí ọmọ yẹn á rí i pé kì í ṣe àṣà àjèjì pé kí ọ̀rọ̀ kékeré gbẹ̀yìn gbólóhùn láìsí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe irú rẹ̀ fún “must” náà, kí wọ́n sì bi í léèrè ẹni tó sọnù.

Ká má tan ara wa ṣá, Yorùbá náà ní ihò tí olùṣe lè gbà sá. “Ó pọn dandan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà.” Ta ló pọn dandan fún? “Láti” ò sọ. Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn alẹ́, ẹ tẹ́tí sí àwọn agbẹnusọ ìjọba, ẹ ó gbọ́ “láti” yìí títí etí yín á fi di. Ó yẹ láti ṣe èyí, ó ṣe pàtàkì láti ṣe tọ̀hún. Ẹ fi “kí” rọ́pò rẹ̀ kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ó pọn dandan kí… kí ta ni? “Kí” ò ní gbà yín láàyè kí ẹ lọ láì dárúkọ ẹnì kan. Àwa máa ń ṣe é fún ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa, ó sì máa ń ya àwọn tó kọ ọ́ lẹ́nu bí ìbéèrè ṣe ń tú jáde.

Ihò kejì burú jù, torí àwa fúnra wa la gbẹ́ ẹ. “Ẹ̀sùn yín yóò jẹ́ wíwò sínú.” Ẹ ti rí irú rẹ̀, ẹ má sẹ́. Wíwò sínú kí ni? Sínú kànga ni àbí sínú ìkòkò ọbẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ mú “will be” ó fi “yóò jẹ́” sí i, ó mú “looked” ó fi “wíwò” sí i, ó mú “into” ó fi “sínú” sí i, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà kà á, kò yé e, ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò kàwé tó. “Jẹ́ kíkọ láti ọwọ́”, “jẹ́ gbígbà láti ọ̀dọ̀”: gbogbo wọn ọmọ ìyá kan náà ni. (“Láti ọwọ́” lórí èèpo ìwé ò ní ìṣòro kankan o, ó ti di tiwa níbẹ̀.) Ohun tí a ò fẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá. Tí a bá ń bá a lọ báyìí, a ó kó àìlólùṣe Gẹ̀ẹ́sì wọlé, a ó sì sọ Yorùbá tó yéni nù lẹ́ẹ̀kan náà.

Lágbo àwa tí à ń kọ̀wé fún kọ̀ǹpútà, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní RFC 2119. Scott Bradner ló kọ ọ́, ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1997, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó sọ ohun tí MUST, SHOULD, MAY àti àwọn ẹgbẹ́ wọn túmọ̀ sí nínú ìwé tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2017, RFC 8174 tún fi kún un pé tí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ wọ́n nìkan ni wọ́n ní agbára yẹn. “Must” onílẹ́tà kékeré, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. A fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an. Ó gbé gbọ́dọ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó sọ bó ṣe wúwo tó. Àmọ́ kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó máa rù ú.

Ìwé iṣẹ́ kan dé ọwọ́ wa nígbà kan, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ pé “Failed transfers MUST be accounted for.” Lẹ́tà ńlá, gbogbo ẹ̀ ló pé. Ìwé náà ti kọjá lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá méjì mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wa ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn tó ń ṣe POS tí wọ́n máa lo ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀: “Owó tí kò bá dé ibi tó ń lọ…” Ó dákẹ́. Ta ni kó sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí owó náà wà? Báńkì tó rán an ni? Báńkì tó yẹ kó gbà á ni? Àwa tí a wà láàárín ni? Àbí obìnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí oníbàárà á dì mọ́ láṣọ? Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá lórí ìbéèrè yẹn láì fẹsẹ̀ kọ. Yorùbá ò gbà kó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. A dá ìwé padà, a ní kí wọ́n fi orúkọ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jiyàn, torí kálukú ló ti rò pé ẹlòmíràn ni “must” náà ń bá wí.

Obìnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àwọn tó kọ “will be looked into” ò ní rí ojú ẹni tí owó rẹ̀ há. Òun ló máa rí i.

Àwọn tó ń túmọ̀ áàpù ò sì láre nínú ètò tó wà nílẹ̀. Fáìlì Excel ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn: ẹgbẹ̀rún gbólóhùn, kò sí àwòrán, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. “Must be agreed to.” Kí ni? Ta ni? Ẹni tó ń túmọ̀ sí Faransé lè rí ọgbọ́n kan dá. Ẹni tó ń túmọ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá “ẹ gbọ́dọ̀ gbà”, “a gbọ́dọ̀ gbà” tàbí “ẹni tó ni àkáǹtì gbọ́dọ̀ gbà” ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì lè dé ilé ẹjọ́. Tó bá kọ “a ó wò ó”, ó ti so ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Tó bá kọ “wọ́n á wò ó”, ó ti jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà, kí àwọn méjèèjì jọ máa na ìka sí ẹlòmíràn. A ti rí áàpù tó ń lo “a” nígbà tó ń gba owó, tó sì yí sí “wọ́n” nígbà tí owó sọnù. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lè máà fura. Àwọn tó ń kà á fura.

George Orwell kọ àròkọ kan ní 1946 lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára òfin tó fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni pé ká má ṣe lo passive níbi tí a bá ti lè lo active. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé kíkọ fẹ́ràn òfin yẹn bí ẹni fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́. Àwa ò fara mọ́ ọn tán. Ẹ gbọ́ èyí: “I will not be shouted at.” “She will not be lied to.” “Children must be listened to.” Passive ni gbogbo wọn, aṣèrànwọ́-ìṣe wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ló parí wọn. Kò sí òjóró kankan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ló dìde dúró níwájú gbólóhùn, tó gba “will” mú, tó sì sọ ọ́ di ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jágbe mọ́ ọn ò tó nǹkan tí wọ́n ń dárúkọ. Passive tó gbé “complaint”, “matter” àti “issue” síwájú kò jọ èyí tó gbé èèyàn síwájú, òfin Orwell ò sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Báwo la ṣe máa sọ “I will not be shouted at”? “Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ mi” tọ̀nà, ó kàn gùn, agbára rẹ̀ sì ti tú sí “gbà kí”. “Ẹ má jágbe mọ́ mi” ti di ẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà, ẹ dúró ti obìnrin tí wọ́n ń yàn jẹ, ẹ ó gbọ́ èyí tó tọ́: “Èmi kọ́ lẹ máa jágbe mọ́!” “Èmi” bọ́ síwájú. “Mọ́” dúró ní ìparí láìsí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, bíi “at” gẹ́lẹ́. “Ẹ” ṣì wà nínú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ jágbe kò ríbi sá sí. Gbogbo ohun tí passive Gẹ̀ẹ́sì ń fi yíyọ olùṣe rà, “ni” àti “kọ́” ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, olùṣe sì ṣì wà níjòókòó. Ọ̀rọ̀ yìí la gbọ́dọ̀ wádìí. Owó yẹn ni báńkì gbọ́dọ̀ dá padà.

Ó ní iye tó ń náni ṣá, kí àwọn tó ń túmọ̀ má wá fi “ni” há gbogbo nǹkan. “Ni” máa ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀. Tí ẹ bá kọ “Àwọn ọmọdé la gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí” fún “Children must be listened to”, ẹni tó kà á lè bi yín pé ṣé kí àgbà máa sọ tiwọn fún ògiri ni. Níbẹ̀, àwa á kọ “Ẹ jẹ́ ká máa tẹ́tí sí àwọn ọmọdé.” Ọmọdé ti padà sẹ́yìn, “gbọ́dọ̀” ti rọ̀ di ìpè, a mọ̀. Èyí tó dáa jù tí a tíì rí nìyẹn. Tí ẹ bá ní òmíràn tó gbé ọmọdé síwájú láì ti àgbà sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.